KÓKÓ ŃLÁ NI MO Ń ṢỌ́, KÓKÓ KÉKERÉ LÓ FẸ́ PA AJÁ MI

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, ni àwọn èèyàn ń kọ sí yín, bàbá àgbàlagbà yìí wá jókòó, ó ń kọ ti ajá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ajá bá ti gbà lọ́wọ́ olè rí kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín.

Abúlé Ẹ̀gbá ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Ilé-Epo. Ní ọdún 2012, ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní ọmọ ajá kan. Abo ni, ó dúdú minimini, àyà rẹ̀ nìkan ló funfun. Ajá ilẹ̀ wa ni, kì í ṣe ajá òyìnbó. Tanímọ̀la la sọ ọ́. Ẹni tó bá wà ní Abúlé Ẹ̀gbá ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2006, nígbà tí páìpù epo gbiná, tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn bá a lọ, kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi fún ajá ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n ń kọ́ bíríìjì tí wọ́n ṣí ní 2017, gbogbo ọ̀nà dàrú, olè sì gbòde. Lóru ọjọ́ kan, àwọn kan fo ògiri wọlé wa. Tanímọ̀la gbó, ó gbó, ó sì fi eyín di ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn mú títí àdúgbò fi jí. Wọ́n la irin mọ́ ọn lórí, àpá rẹ̀ kò sì parẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti pè é ní ajá lásán.

KÓKÓ MÉJÌ

Ní ìparí ọdún 2021, mò ń wẹ̀ fún un lọ́jọ́ Sátidé kan, ọwọ́ mi bá kan kókó kan ní ìhà rẹ̀. Ó rọ̀, kò le. Bí mo bá fi ìka tì í, á yí lọ yí bọ̀ lábẹ́ awọ. Kò dun ajá náà rárá, ó tiẹ̀ ń ju ìrù sí mi ni. Nígbà yẹn, kò ju ẹyin adìẹ lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2022, ó ti tó ọsàn. Èèyàn á dúró lójúde, á sì máa rí i.

Ẹ ṣáà mọ àdúgbò wa. Kò sí ẹni tí kì í ṣe dókítà níbẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní àsàsí ni, pé èmi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí tí ajá fi orí gbà á. Ọmọkùnrin tó ni kẹ́míìsì ní kí n máa tú Ampiclox sínú oúnjẹ rẹ̀. Wẹ́dà tó wà ní ìkóríta ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà jẹ́ ká fi bọ Ògún kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́." Mo ní, "Ìwọ ni Ògún máa kọ́kọ́ bi pé ta ló ní kó o gbé ajá olókùnrùn wá."

Ìyá àwọn ọmọ mi ló rí kókó kejì. Oṣù Kẹrin ni, Tanímọ̀la na ẹ̀yìn sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì nítorí ooru, gbogbo ikùn rẹ̀ wà lókè. Ìyàwó mi ní, "Dádì, nǹkan kan wà lẹ́bàá ọmú rẹ̀ o." Mo lọ fọwọ́ kàn án. Lẹ́bàá ọmú tó gbẹ̀yìn, nítòsí itan, mo bá kókó kan tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ. Ó le, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan òkúta wẹ́wẹ́.

Mo ní, "Ṣé èyí náà lò ń pariwo sí? Èyí tó tó ọsàn ni ká kọ́kọ́ gbọ́ tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun ló mú mi kọ ìwé yìí.

ÈMI NI MO DI Í MÚ

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru, ọdẹ inú igbó ni tẹ́lẹ̀, ó sì mọ̀ nípa ajá. Ó fọwọ́ tẹ kókó ìhà náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, eéwo ni. Ó ti gbó. Abẹ ló kù."

Olóòtú, mi ò ní parọ́ fún yín, mi ò sì ní di ẹ̀bi ru ọlọ́dẹ. Èmi ni mo lọ ra abẹ. Èmi ni mo fi okùn di ẹnu Tanímọ̀la. Èmi náà ni mo di í mú mọ́lẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn ń wò mí lójú ni. Ajá tó bá olè jà lóru, tí irin kò lé sá, ó jókòó fún mi torí pé èmi ni.

Ọlọ́dẹ lá a. Ọyún kò jáde. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tú, lẹ́yìn náà la wá rí nǹkan tó dà bí ọ̀rá ẹran. Ọwọ́ ọlọ́dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní ká wá ọ́ìlì mọ́tò, èyí tó ti dúdú tí àwọn mẹkáníìkì máa ń dà nù, ká fi pa á. A fi pa á.

Ní ọjọ́ kẹrin, òórùn bẹ̀rẹ̀. Eṣinṣin ti yé sí ojú egbò náà, ìdin sì ń yíra nínú rẹ̀. Tanímọ̀la kò jẹun mọ́. Ó lọ sá sí abẹ́ táńkì omi. Ọmọ ayálégbé mi kan lé bọ́ọ̀lù débẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá egbò náà láìmọ̀. Tanímọ̀la gbé ẹnu sí ṣòkòtò ọmọ náà, ó ya á. A bọ́ aṣọ lára ọmọ, a yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, eyín kò kan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti figbe ta: "Dìgbòlugi! Ẹ gbà mí o! Ajá Bàbá ti ya dìgbòlugi!"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń fà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ àwọn onílé ránṣẹ́ pè mí. Mo mú káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ dání, nítorí ọdọọdún ni mo ń jẹ́ kí wọ́n gún un. Wọ́n gbé káàdì náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Alága wa fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, "Bàbá, a ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n òórùn ajá yìí ti wọlé gbogbo èèyàn, àwọn ìyá ọmọ sì ń bẹ̀rù. Tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú tẹ́ ẹ ò wá nǹkan ṣe sí i, a ó pe àwọn tí yóò wá gbé e." Mo mọ irú àwọn tó ń sọ. Àpò ìrẹsì àti kùmọ̀ ni wọ́n ń gbé wá.

ỌWỌ́ DÓKÍTÀ

Ní ọjọ́ Ẹtì, a mú ọ̀nà pọ̀n. Kọ̀ndọ́kítọ̀ dánfó mẹ́ta ló lé wa. Ẹnì kan ní, "Bàbá, ajá yín ń rùn, àwọn pásíńjà mi á bọ́lẹ̀." Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló gbà wá, mo san owó èèyàn mẹ́rin, a gba Old Ọ̀tà Road wọ Agége lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko kan.

Obìnrin ni dókítà náà, ọmọ tí mo lè bí ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá kúnlẹ̀ ti ajá náà. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fi sí i?" Mo jẹ́wọ́ abẹ, mo jẹ́wọ́ ọ́ìlì. Ó ní, "Ẹ fún un lóògùn kankan?" Mo ní mo fún un ní ibuprofen tí mò ń lò fún orúnkún mi.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Oògùn yẹn lè dá egbò sí inú ikùn ajá, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ọ́ìlì yẹn náà, kò sí bí ajá kò ṣe ní lá a, májèlé sì ni." Kò bú mi. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní ó bú mi.

Ó yọ ìdin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fá irun ibẹ̀, ó fọ egbò, ó gún Tanímọ̀la lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka rìn ká gbogbo ara rẹ̀, láti ẹnu dé ìdí ìrù, bí obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó dé ọmú tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí èyí?"

"A ti rí i. Kékeré ni."

"Láti ìgbà wo, sà?"

"Oṣù Kẹrin."

Kò ju oṣù méjì lọ, hóró ẹ̀pà ti di hóró agbálùmọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Sà, èyí tẹ́ ẹ gé yẹn, ó jọ ọ̀rá lójú mi. Èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yìí ni mò ń bẹ̀rù."

Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan? Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ṣọ́ èyí tó tóbi, mo tiẹ̀ ta ẹ̀jẹ̀ ajá sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Èyí tí ìyàwó mi fi hàn mí, tí mo fojú tẹ́ńbẹ́lú, òun gan-an ni jàgídíjàgan.

Dókítà kò fi ojú lásán dájọ́. Ó ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan bọ inú ohun tó kù nínú kókó ìhà náà, ó fa díẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sórí dígí pẹlẹbẹ, ó gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ọ̀rá ni lóòótọ́. Ó ní irú kókó ọ̀rá bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára ajá tó ti ń dàgbà, kì í sábà pa ajá, bí kò bá sì dí i lọ́wọ́ ìrìn, wọ́n lè fi í sílẹ̀. Mo ní, "Ṣebí ó rọ̀, ó ń yí lábẹ́ awọ. Ìyẹn ò tó fi mọ̀ ni?" Ó ní kò tó o, nítorí jẹjẹrẹ awọ kan wà tó máa ń rọ̀ bí ọ̀rá lọ́wọ́ èèyàn. Abẹ́rẹ́ ló ń tú àṣírí, kì í ṣe ìka.

Ti ọmú yàtọ̀. Ó ní nínú abo ajá méjì tó bá ní kókó ọmú, bí ọ̀kan ló máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ. Àwọn ọmú tó gbẹ̀yìn ló sì máa ń mú jù. Ó ní abẹ́rẹ́ nìkan kì í sábà tó fi mọ ti ọmú, àfi kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí lábù. Ó tún ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ẹ́síréè àyà rẹ̀, torí pé ẹ̀dọ̀fóró ni jẹjẹrẹ ọmú máa ń sá lọ. Bó bá ti dé ibẹ̀, iṣẹ́ abẹ kò ní ran ajá náà lọ́wọ́ mọ́.

OWÓ ŃKỌ́?

Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ jẹ́ ₦95,000. Fún ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, kì í ṣe owó kékeré. Ọmọ mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù, ó ní, "Dádì, ₦95,000 lórí ajá arúgbó? Ẹ jẹ́ kí n ra tuntun fún yín." Mi ò bínú sí i, ọmọdé ni. Mo ní, "Nígbà tí olè wọlé wa, ìwọ wà ní iyàrá, ò ń sùn. Ta ló jí ẹ?" Ó dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ₦40,000 ránṣẹ́.

Ẹ́síréè mọ́. Wọ́n dúró kí egbò ìhà rẹ̀ jinná díẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní oṣù Kẹjọ. Wọ́n fi kókó náà ránṣẹ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi dúró de èsì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sùn. Èsì dé: jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́ tán, ara tó yí i ká mọ́. Dókítà ní ìrètí máa ń pọ̀ jù fún èyí tí wọ́n bá yọ kó tó ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Tiwa kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ egbò yẹn, sà. Òun ló gbé yín wá." Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

Tanímọ̀la padà sí ojú géètì rẹ̀. Ìyá tó pariwo dìgbòlugi, òun náà ló wá ń kó eegun wá fún un láti ọjà Ilé-Epo. Oṣù mọ́kàndínlógún ni Ọlọ́run fi kún un. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, a jí láàárọ̀, a bá a lórí àpò tó máa ń sùn lé, ó ti lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ogbó ló mú un lọ. Mo gbẹ́ ilẹ̀ fún un lẹ́yìnkùlé. Èyí tó kù nínú kókó ọ̀rá ìhà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun àti ẹ̀ náà ni wọ́n jọ wọ ilẹ̀. Kò ṣe é ní nǹkan kan títí tó fi kú.

Ẹ̀YIN TẸ́ Ẹ NÍ AJÁ, Ẹ GBỌ́

Mi ò kì í ṣe dókítà, ohun tí ojú mi rí àti ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi ni mò ń sọ.

Bí ajá yín bá ti ń lọ sí ọdún méje, mẹ́jọ, ẹ máa fọwọ́ yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò lóṣooṣù: abẹ́ apá, inú ẹnu, àárín itan, ẹ̀bá ọmú kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ rí kókó sílẹ̀, àti bó ṣe tó. Èyí tó ń dàgbà kíákíá, tó le, tó lẹ̀ mọ́ ẹran, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó bẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má fi ṣàfira. Èyí tó wà lẹ́bàá ọmú, bó ṣe wù kó kéré tó, ẹ gbé e lọ.

Kì í ṣe gbogbo kókó ló burú o. Òmíràn, eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ni, èèyàn á máa pè é ní àrùn. Òmíràn, eṣinṣin kan ló ń fà á, èyí tó máa ń yé sórí yanrìn àti sára aṣọ tí kò gbẹ. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe ń sọ pé ká máa lọ aṣọ kó tó di pé a wọ̀ ọ́. Ìdin rẹ̀ á wọ awọ ajá tó ń sùn sórí iyanrìn, á wú bí eéwo, ẹ ó sì rí ihò kékeré lórí rẹ̀.

Ajá tó bá ń rìn ìgboro, tó sì ní nǹkan bí ẹran pupa tó ń kán ẹ̀jẹ̀ lójú ara rẹ̀, jẹjẹrẹ tí wọ́n ń kó láti ara ajá mìíràn nígbà tí wọ́n bá gun ara wọn ni. Dókítà ní àwọn onímọ̀ ti rí i pé ara ajá kan ṣoṣo tó gbé ayé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni èyí ti ṣẹ̀ wá, tó ń bọ́ láti ara ọ̀kan sí òmíràn títí dòní. Orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ajá tó ní in máa ń yọ bí wọ́n bá ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ vincristine lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀. Ẹ ẹ̀ wá rí i? Èyí tó ń dẹ́rù bani jù lójú, òun ló tún rọrùn láti wò.

Ẹ má fi abẹ lá a. Ẹ má fi okùn so ó. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má sì da ọ́ìlì sí i. Ẹni tó bá ní abo ajá tí kò fẹ́ kó bímọ, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ nígbà tó ṣì kéré. Wọ́n ní èyí tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìyẹn fún ní kékeré, jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà ṣe é. Ẹ má sì gbàgbé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Káàdì yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n pa Tanímọ̀la ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pè mí.

Àwọn àgbà ní kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mo sì ti fi bá ọmọ wí. Ọjọ́ tí ìyàwó mi ní, "Dádì, nǹkan kan wà lẹ́bàá ọmú rẹ̀ o," ni ó yẹ kí n fi bá ara mi wí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ríran nínú ilé wa.

Ire o.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Tanímọ̀la,
Abúlé Ẹ̀gbá, Èkó.